Díìsìkì wọ alùpùpù oní-sípóòkù: hóbù ni kẹ́ ẹ pààrọ̀!

Ọlọ́kadà tó bá ti gbé ìyá alátà pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ tòmátì sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mọ̀ pé bíréèkì iwájú kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ó fún un, ó tún un fún, alùpùpù ṣì ń lọ. Ìyá tó wà lẹ́yìn ń pariwo pé, "Ọmọ mi, rọra o!" Rírọra ọ̀hún gan-an ni kò ṣe é ṣe.

Inú hóbù ni ṣúù bíréèkì ọ̀pọ̀ Boxer wà. Tó bá gbóná lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ooru ò ríbi jáde, agbára rẹ̀ á dín kù. Tómi bá wọ ibẹ̀, á máa yọ̀. Ìta gbangba ni díìsìkì ní tiẹ̀ wà: afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i, omi kì í pẹ́ lára rẹ̀.

Àwọn kan á ní ẹni tó bá fẹ́ díìsìkì gbọ́dọ̀ ra odindi ẹsẹ̀ alọ́ì. Irọ́ ni! Honda CB750 tó jáde lọ́dún 1969, tó sọ díìsìkì iwájú di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, sípóòkù ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lójú títì wa tó kún fún kòtò, sípóòkù sì lérè: tí ẹyọ kan bá já, ẹyọ kan náà ni wọ́n á pààrọ̀. Alọ́ì tó bá ti sán, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ra irin àlòkù ló ń lọ.

Hóbù oní-díìsìkì ni kí mẹkáníìkì wá, kí ihò rẹ̀ bá ti ríìmù mu. Ríìmù oníhò 36, hóbù oníhò 36. Tó bá ṣe é ṣe, kó gba hóbù, díìsìkì, kálípà àti ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì iwájú lára alùpùpù kan ṣoṣo. Ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì ọ̀hún gbọ́dọ̀ ní etí tí wọ́n máa de kálípà mọ́. Kí wẹ́dà má jó etí mọ́ ti àtijọ́ o! Ibẹ̀ ni gbogbo agbára bíréèkì ń fà.

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ ara wọn jẹ jù ni sípóòkù. Hóbù oní-ṣúù tóbi, sípóòkù rẹ̀ kúrú. Ti díìsìkì sábà máa ń kéré, ó fẹ́ sípóòkù tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fipá lo ti àtijọ́, etí okùn lásán ló de ẹsẹ̀ mọ́. Sípóòkù tuntun gbọ́dọ̀ gba ara wọn kọjá, torí bíréèkì fẹ́ lọ́ hóbù kúrò nínú ríìmù. Wọn ò sì gbọdọ̀ kan kálípà. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n tún un fún.

Òróró bíréèkì tí wọ́n kọ sára ìdérí ni kí wọ́n rọ sí i, DOT 3 tàbí DOT 4. Ẹ́ńjìnì ọ́ìlì á mú kí rọ́bà inú rẹ̀ wú, kálípà á sì há. Tí ọwọ́ bíréèkì bá rọ̀ bíi fùfú, afẹ́fẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Kí wọ́n lé e jáde.

Páàdì tuntun kì í mú dáadáa lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kí ọlọ́kadà kọ́kọ́ dá gùn ún lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, kó máa fún un díẹ̀díẹ̀. Ìyá alátà lè dúró dọ̀la.