Ẹ̀tù Tí Ń Jẹ́ Ìpè

Àwọn àgbà a máa wí pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn ẹ̀tù tí a fi ń fọ́ àpáta rí. Kì í ṣe ariwo rẹ̀ ni ó ń ba awakùsà lẹ́rù jù lọ. Èyí tí ó yẹ kí ó dún tí kò dún ni ó burú. Ó lè fara pamọ́ sínú òkúta títí di ọjọ́ tí dígà yóò kàn án, kí ó sì gba ẹ̀mí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ọlọ́gbọ́n ti ń wá àbò sí ọ̀ràn yìí. Ní ọdún 1831, William Bickford tí ń gbé ní Cornwall, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe okùn kan tí iná ń rìn nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹni tí ó tanná sí i lè ráyè kúrò níbẹ̀. Láàárín ọdún 1863 sí 1865, Alfred Nobel ará Sweden ṣe détónétọ̀, èyíinì ni ohun kékeré tí ó kọ́kọ́ ń dún láti jí ẹ̀tù ńlá. Ìmọ̀ náà kò wá lọ́fẹ̀ẹ́: ní ọdún 1864, ilé iṣẹ́ wọn bú gbàmù ní Stockholm, Emil àbúrò rẹ̀ sì wà lára àwọn tí ó kú.

Nígbà tí ó yá, a rí i pé kò yẹ kí gbogbo ihò ẹ̀tù dún lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá ṣáájú èkejì díẹ̀, ti iwájú yóò ṣí àyè fún ti ẹ̀yìn. Òkúta yóò fọ́ dáradára, ilẹ̀ kò sì ní mì púpọ̀ lábẹ́ ilé àwọn aládùúgbò. Ṣùgbọ́n èròjà ajóná ni détónétọ̀ àtijọ́ fi ń díwọ̀n àkókò. Bí ó ti ń yára jó nínú ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni ó ń falẹ̀ nínú òmíràn.

Détónétọ̀ òde òní ní ọpọlọ kọ̀ǹpútà kékeré nínú, a sì lè yan àkókò rẹ̀ dé ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ní nọ́ńbà tirẹ̀. Kí a tó tanná, ẹ̀rọ yóò pè wọ́n bí olùkọ́ ti ń pe orúkọ ọmọ nínú kíláàsì. Èyí tí kò bá jẹ́ ìpè, a ó wá ìdí rẹ̀ kí ó tó di ewu. A tún ń kọ jíjìn ihò, ìwọ̀n ẹ̀tù, bí ilẹ̀ ti mì tó àti bí òkúta ti fọ́ sí, kí àkọsílẹ̀ àná lè tún iṣẹ́ ọ̀la ṣe.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀ràn yìí kàn wá nílé. Ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2024, ẹ̀tù bú gbàmù ní Bódìjà, ìlú Ìbàdàn; ilé wó, ẹ̀mí sì ṣòfò. Gómìnà Ṣèyí Mákindé wí pé ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ni ó kó o pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ, bí ó ti wù kí ó gbọ́n tó, tí ó lè pe orúkọ ẹ̀tù tí kò sí nínú ìwé.

Nítorí náà, kí àwọn aláṣẹ mọ iye ẹ̀tù tí ó wọlé, ẹni tí ó gbà á, ihò tí ó lọ àti èyí tí ó kù. Kí àwọn tí ń gbé nítòsí ibi ìfọ́kúta sì lè rí àkọsílẹ̀ bí ilẹ̀ ti ń mì lábẹ́ ilé wọn. Nígbà tí détónétọ̀ bá ti lè jẹ́ ìpè, ó tọ́ kí ẹni tí ó ni ín náà máa jẹ́ ìpè.