Ọgbẹ́ Inú: Ebi Kọ́ Ni Ó Ń Fà Á



Ó ṣòro kí a rí àdúgbò kan ní Òṣogbo tàbí ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí ẹnì kan kì í ti í sọ pé, "Ọgbẹ́ inú ń yọ mí lẹ́nu." Bí a bá bi í pé kí ni ó fà á, èsì tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ebi ni, tàbí ata, tàbí ìrònú. Nítorí èyí, bí inú bá ti ń ta ènìyàn, yóò sáré jẹun, yóò mu oògùn olómi funfun inú ìgò, ara yóò fúyẹ́ díẹ̀, ọdún yóò sì máa gorí ọdún. Ó dára kí a jẹun lásìkò, ṣùgbọ́n ebi kọ́ ni ó ń dá ọgbẹ́ sí inú ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí pé àrùn tí a bá mọ orísun rẹ̀ ni ó rọrùn láti wò sàn.

KÍ NI ỌGBẸ́ INÚ?

Omi kíkan kan wà nínú ikùn tí ó ń bá wa lọ oúnjẹ. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó ń yọ̀ ni ó bo inú ikùn, kí omi yìí má baà jẹ ẹran ara. Bí ohun kan bá ba awọ náà jẹ́, omi kíkan yóò kan ẹran ara, egbò yóò sì dá sí i, yálà nínú ikùn tàbí ní ìbẹ̀rẹ̀ ìfun. Bí ikùn bá ṣófo, egbò náà lè máa dun ni. Ata náà lè máa ta á. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń di ẹ̀bi ru ebi àti ata.

KÍ NI Ó Ń FÀ Á?

Ohun méjì ni ó ń fa èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú ọgbẹ́ inú.

Èkíní ni kòkòrò àìfojúrí kan tí àwọn oníṣègùn ń pè ní Helicobacter pylori. Bakitéríà ni, kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé oògùn apakòkòrò ń pa bakitéríà, ṣùgbọ́n kò lè pa fáírọ́ọ̀sì. Ìgbà èwe ni kòkòrò yìí sábà máa ń wọ ara. Gẹ́gẹ́ bí òṣómàáló ayé àtijọ́ ṣe máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi gba owó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò yìí ṣe máa ń jókòó sínú ikùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, àfi bí a bá fi oògùn lé e jáde.

Dókítà Barry Marshall àti Dókítà Robin Warren ni wọ́n tú àṣírí rẹ̀ ní ilẹ̀ Ọsirélíà ní ọdún 1982. Ọ̀pọ̀ oníṣègùn kò gbà wọ́n gbọ́. Ní ọdún 1984, Dókítà Marshall gbé kòkòrò náà mu. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ikùn rẹ̀ sì wú nínú. Ní ọdún 2005, a fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel. Nítòsí wa níhìn-ín, àwọn oníṣègùn ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, èyí tí Ilé Ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà jẹ́ ẹ̀ka rẹ̀, ti rí kòkòrò yìí nínú ikùn àwọn aláìsàn.

Èkejì ni oògùn ìrora bí ásípírìn, ibuprofen àti piroxicam. Àgbàlagbà tí ó ń lò ó lójoojúmọ́ nítorí orúnkún tàbí ẹ̀yìn wà nínú ewu. Ẹ má ṣe ra oògùn àdàlù lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri.

ṢÉ Ó LÈ DI JẸJẸRẸ?

Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún gbogbo ènìyàn. Ní ọdún 1994, àjọ tí ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka Helicobacter pylori mọ́ ohun tí ń fa jẹjẹrẹ. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní kòkòrò náà kì í ní ọgbẹ́ tàbí jẹjẹrẹ láéláé.

Fáírọ́ọ̀sì náà ní ipa tirẹ̀. Epstein-Barr, fáírọ́ọ̀sì tí a ṣàwárí ní ọdún 1964, ni a ń bá nínú nǹkan bí ọ̀kan nínú 10 jẹjẹrẹ ikùn káàkiri àgbáyé. Kò tíì sí àjẹsára fún un.

ÀMÌ EWU

Ẹ má ṣe dúró di ọ̀la bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí:

1. Èébì tí ó ní ẹ̀jẹ̀.
2. Ìgbẹ́ dúdú bí kóltá, tí ó rọ̀, tí ó ń fà, tí ó sì ń rùn gidigidi. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí aláboyún ń lò a máa sọ ìgbẹ́ di dúdú, ṣùgbọ́n bí ó bá ń fà bí kóltá, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.
3. Ìrora inú tí ó dé lójijì, tí inú sì le bí pákó.
4. Kí ènìyàn máa rù láìnídìí, tàbí kí oúnjẹ máa há a lọ́nà ọ̀fun.

KÍ NI KÍ Ẹ ṢE?

Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. A lè yẹ ìgbẹ́ tàbí èémí wò, oníṣègùn sì lè fi ẹ̀rọ wo inú ikùn. Bí a bá rí kòkòrò náà, a ó fún yín ní oògùn apakòkòrò ju ẹyọ kan lọ, pẹ̀lú oògùn tí ń dín omi kíkan kù, fún ọjọ́ 10 sí 14. Ẹ lò ó tán, bí ara tilẹ̀ fúyẹ́ ní ọjọ́ kẹta. Bí a bá dá a dúró láàárín, kòkòrò tí ó kù lè kọ etí ikún sí oògùn. Kí aláboyún àti abiyamọ sọ ipò wọn fún oníṣègùn kí wọ́n tó lo oògùn kankan.

Nínú ilé, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ àti kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Ẹ má ṣe gbẹ́ kànga sí ìtòsí ṣáláńgá. Ẹ sì se omi mímu. Ẹ má ṣe máa rún oúnjẹ lẹ́nu kí ẹ tó fi fún ọmọ.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe fara da ohun tí ó ní ìwòsàn. Ìlera ni oògùn ọrọ̀.