AṢỌ ÌNUKỌ̀ KÌ Í ṢE ÀKÍSÀ

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń fọ ọkọ̀ àti alùpùpù, ẹ wá gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń nu ọkọ̀ tiyín fúnra yín, ẹ̀yin náà ẹ wá gbọ́. Ọ̀rọ̀ aṣọ tí a fi ń nu ọkọ̀ ni a fẹ́ sọ lónìí.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn àgbà ní ìwé, mo bá wọn fọ ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Kétu. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan gbé ọkọ̀ dúdú rẹ̀ wá. Mo fọ̀ ọ́ tán, mo ń nù ún lọ́wọ́, ni aṣọ bá bọ́ sílẹ̀. Mo mú un, mo gbọ̀n ọ́n, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ. Nígbà tí oòrùn tàn sí ara ọkọ̀ náà, a rí ìlà wẹ́wẹ́ lára rẹ̀ bí òwú aláǹtakùn. Erùpẹ̀ pupa ilẹ̀ wa yìí ló wọ inú aṣọ, òun ló họ ọ̀dà ọkọ̀ náà. Ọlọ́kọ̀ kò bú mi. Ó kàn wò mí, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Títí mo fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, kò padà wá mọ́.

Ṣé ẹ rí i? Aṣọ kékeré lè gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni.

KÍ NI AṢỌ YÌÍ?

Ẹ wo etí aṣọ náà. Ẹ ó rí aṣọ pélébé kan tí wọ́n rán mọ́ ọn, tí wọ́n kọ̀wé sí. Ẹ ti mọ̀wé kà báyìí, nítorí náà ẹ kà á. Ẹ ó rí ọ̀rọ̀ yìí: microfibre. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni òwú tó tín-ín-rín gan-an.

Òwú yìí kì í ṣe òwú oko. Ara epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń ṣe é, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ike. Oríṣi méjì ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀: polyester àti polyamide. Bí ẹ bá rí 80% àti 20%, ó túmọ̀ sí pé bí a bá pín aṣọ náà sí ọ̀nà 100, ọ̀nà 80 jẹ́ polyester, ọ̀nà 20 jẹ́ polyamide. Òwú náà fẹ́lẹ́ débi pé bí ẹyọ kan bá gùn tó kìlómítà 10, kò ní wọ̀n tó gírámù 1. Ní ilẹ̀ Jàpáàn, ní ọdún 1970, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Miyoshi Okamoto, ní ilé iṣẹ́ Toray, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe irú òwú yìí.

Wọ́n la òwú kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́, àlàfo sì wà láàárín wọn. Inú àlàfo yẹn ni omi àti eruku ń wọ̀ sí. Ìdí nìyí tí aṣọ yìí fi ń gbé eruku, nígbà tí àkísà kàn ń tì í síwá sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n eruku tó bá wọlé kì í dá jáde. Bí a kò bá fọ aṣọ náà dáadáa, eruku ọkọ̀ àná la ó fi họ ọkọ̀ òní.

KÍ LÓ Ń BÀ Á JẸ́?

Iná ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ẹ rántí pé ara kan náà ni òun àti ike. Omi híhó lè ba òwú náà jẹ́. Àyọ́ọ̀nù, tàbí kí a sá a sí ẹ̀gbẹ́ iná, lè mú kí orí òwú náà yọ́, kó sì le. Òwú tó ti le yìí ń họ ọ̀dà.

Omi jáfẹ́lì ń jẹ òwú náà. Ọṣẹ olóòórùn tí a fi ń mú aṣọ rọ̀ kò dára fún un, nítorí ó ń fi ọ̀rá dí àlàfo inú rẹ̀. Aṣọ náà yóò rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní fa omi mọ́. Bí ẹ bá sì fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ṣòkòtò àti aṣọ òwú, ìhùùhù wọn yóò lẹ̀ mọ́ ọn.

Àwọn mìíràn ń fi epo kpayo fọ aṣọ tí epo ẹ́ńjìnnì ti bà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ooru epo yìí ń rìn nílẹ̀. Iná ààrò tàbí sìgá tó wà lókèèrè lè mú un, kó sì jó ẹni tó ń fọṣọ.

BÍ A ṢE Ń FỌ̀ Ọ́

1. Ẹ yà wọ́n sọ́nà mẹ́ta: ti ara ọkọ̀ àti dígí, ti inú ọkọ̀, ti ẹsẹ̀ ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi àwọ̀ yà wọ́n. Bí àwọ̀ wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ so òwú pupa mọ́ etí ti ẹsẹ̀ ọkọ̀.

2. Ẹ gbọ̀n wọ́n dáadáa kí ẹ tó rẹ wọ́n.

3. Ẹ wá omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí èyí tí a fi ń wẹ ọmọ jòjòló. Bí ẹ bá rí àwòrán abọ́ omi tí wọ́n kọ 40 sí lára aṣọ náà, ó ní kí ooru omi má ju 40 lọ. Àwòrán igun mẹ́ta tí wọ́n fa ìlà lé ń sọ pé kí ẹ má lo jáfẹ́lì. Àwòrán àyọ́ọ̀nù tí wọ́n fa ìlà lé ń sọ pé kí ẹ má lọ̀ ọ́.

4. Ẹ da ọṣẹ olómi ṣíbí 1 sínú omi lítà 10. Ẹ rẹ aṣọ náà sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30.

5. Ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ máa fún un. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì họ ọ́, ẹ má sì fi í gbo òkúta.

6. Ẹ ṣàn án nínú omi mímọ́ títí ìfófòó kò fi ní sí mọ́.

7. Ẹ sá a sí ibòji, lórí okùn, kó jìnnà sí títì. Ní àsìkò ọyẹ́, inú ilé ni kí ẹ sá a sí.

8. Bí ó bá gbẹ, ẹ ká a sínú ike tó ní ìdérí.

Ṣé omi wọ́n lọ́dọ̀ yín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Ẹ kọ́kọ́ fọ ti ara ọkọ̀. Omi tí ẹ fi ṣàn án, ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀ fífọ ti ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ẹ má da omi ìdọ̀tí náà sí ẹ̀gbẹ́ kànga o.

BÍ AṢỌ BÁ TI LE ŃKỌ́?

Ẹ kán omi sí i lórí. Bí omi bá dúró lórí rẹ̀ tí kò wọlé, ọ̀rá tàbí ọṣẹ ti dí i. Ìpara tí a fi ń mú ọkọ̀ dán lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Omi kànga mìíràn sì ní ohun funfun bí ẹfun, tó máa ń kù sínú aṣọ.

Ẹ fọ̀ ọ́ bí a ti wí, ṣùgbọ́n kí ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí 1. Ẹ ṣàn án. Lẹ́yìn náà, ẹ da fìnégà funfun ìdajì ife sínú omi lítà 10. Fìnégà yìí ni wọ́n ń pè ní vinaigre lọ́jà. Ẹ rẹ aṣọ náà sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ sì tún un ṣàn. Ẹ ṢỌ́RA: ẹ má da fìnégà pọ̀ mọ́ jáfẹ́lì láéláé. Òórùn tó ń ti inú wọn jáde lè pa àyà èèyàn lára.

Nígbà tó bá gbẹ, ẹ fi ra ẹ̀yìn ọwọ́ yín. Bí ó bá rọ̀, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí ó bá ṣì ń họ yín, iná ló ti yọ́ ọ, kò sì ní àtúnṣe. Ẹ sọ ọ́ di ti ẹsẹ̀ ọkọ̀. Láti ibẹ̀, kí ó di ti ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ti lọ sí ẹ́ńjìnnì, kò gbọdọ̀ padà sára ọkọ̀ mọ́.

Èyí tó bá bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ mú òmíràn. Mo ti sọ ohun tí ojú mi rí fún yín.

Ẹ JẸ́ KÍ A ṢÍRÒ

Ká sọ pé aṣọ 1 jẹ́ 1000 fránkì. Àlàbí ń ba aṣọ 2 jẹ́ lóṣù kan. Àkànní ń tọ́jú tirẹ̀, aṣọ 2 ló ń rà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Èló ni Àlàbí ń ná lọ́dún kan? Èló ni Àkànní ń ná? Èló ló kù sápò Àkànní?

Ẹ DÁHÙN

1. Kí ló dé tí omi híhó kò fi dára fún aṣọ yìí?
2. Kí ni ẹ ó ṣe bí aṣọ bá bọ́ sílẹ̀?
3. Ẹ wo aṣọ ìnukọ̀ yín. Àwọn àwòrán wo ni ẹ rí lára rẹ̀? Kí ni wọ́n ń sọ?

Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tó fẹ́ kí ọkọ̀ oníbàárà mọ́, kí ó kọ́kọ́ fọ aṣọ ọwọ́ rẹ̀.