Bí Kọ̀ǹpútà Bá Béèrè Kọ́kọ́rọ́ Lẹ́yìn Àtúnṣe BIOS
Ẹ ṣe àtúnṣe sí BIOS, ìyẹn ètò tí ó ń jí kọ̀ǹpútà. Ẹ tàn án padà, ó wá ń béèrè kọ́kọ́rọ́ BitLocker. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́. BitLocker ló ti àwọn fáìlì yín pa, tí ó fi TPM, ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀rọ, ṣọ́ ọ. BIOS yí padà, ẹ̀ṣọ́ kò sì dá a mọ̀ mọ́. Bí oníṣẹ́ bá ní òun yóò fọ́máàtì rẹ̀ (wọ́n máa ń sáré sọ bẹ́ẹ̀), ẹ má gbà: gbogbo iṣẹ́ yunifásítì tí ẹ tọ́jú síbẹ̀ ni yóò bá a lọ. Ẹ fi fóònù wọ àkáǹtì Microsoft yín; ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ náà, oní-nọ́ńbà 48, sábà ń wà. Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ ti béèrè. Bí àtúnṣe mìíràn bá dé, ẹ kọ́kọ́ dá BitLocker dúró ná.