Wákàtí Ìtàn ní Ilé Ìtàwé

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni a fi mọ Ṣómólú. Ẹni tí ń fẹ́ ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà tàbí odindi ìwé, ibẹ̀ ni a ń júwe fún un. Bárígà tí ó múlé tì í kò sì kẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́, nítorí níbẹ̀ ni Ilé-Ẹ̀kọ́ Gírámà ti C.M.S., èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1859, wà láti ọdún 1959. Ṣùgbọ́n ó dùn wá pé ọmọ lè sùn kí ó sì jí sí ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kí ó má sì ní ìwé kankan lọ́wọ́ ju èyí tí olùkọ́ ní kí a rà fún un. Àwọn àgbà ní, a kì í gbé etí odò kí a fi itọ́ sanwọ́.

Owó ni ìdí kan. Ìwé aláwòrán kì í nípọn, ojú-ewé 32 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a ń kun bébà rẹ̀, ní àwọ̀ aró, pupa, ìyeyè àti dúdú, kí àwòrán tó pé. Bí a bá sì tẹ ìwọ̀nba díẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan á wọ́n.

Nítorí náà ni wákàtí ìtàn tí àwọn òǹtàwé kan ń ṣe fún àwọn ọmọdé fi wù wá. Ìwé kan ṣoṣo tó fún ogún ọmọ. Òǹkàwé á kọ ojú àwòrán sí wọn, á kà, á dúró, á bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rí, kí ó tó ṣí ewé. Kì í ṣe nǹkan àjèjì: bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá wa ṣe ń pa àlọ́, tí àwọn ọmọ ń gbe orin.

Ẹ wo ìwé *Baby Goes to Market*, tí Atinuke, ọmọ Nàìjíríà tí ń gbé ní Wales, kọ, tí a tẹ̀ ní 2017. Ìyá pọn ọmọ lọ sí ọjà. Àwọn ọlọ́jà ń fún ọmọ ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn, ọmọ ń jẹ ọ̀kan, ó sì ń ju ìyókù sínú apẹ̀rẹ̀. Ìyá kò mọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí ń wo àwòrán ti mọ̀. Ó ti ń kàwé kí ó tó mọ A, B, D.

Àwọn òbí kan lè wí pé eré lásán ni. Comenius, bíṣọ́ọ̀bù ìjọ àwọn Ará Moravia, kò rí i bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó gbé ìwé aláwòrán jáde fún àwọn ọmọdé ní 1658. Tìmótì pẹ̀lú, láti ọmọdé ni ó ti mọ Ìwé Mímọ́.

Ẹ̀yin òǹtàwé, ẹ yọ̀ǹda wákàtí kan ní ọjọ́ Sátidé. Ẹ̀yin atẹ̀wé, ẹ kó àjákù bébà yín fún àwọn ọmọ kí wọ́n fi ya àwòrán. Ẹ̀yin ìyá, ẹ bá wọn jókòó, kí ẹ sì tún ìtàn náà sọ fún wọn ní Yorùbá nílé.