Ọwọ́ Kan Kò Gbé Igbá Dé Orí: Àjọ Ṣíṣe fún Iná Oòrùn

Ní Dọ̀pẹ̀mú, bí iná ọba bá ti lọ, kì í pẹ́ tí ariwo ẹ̀rọ amúnáwá yóò fi gba gbogbo àdúgbò. Onígbàjámọ̀, aránṣọ àti ẹni tí ń ta omi tútù kò lè jókòó sínú òkùnkùn, nítorí iṣẹ́ òòjọ́ ni wọ́n ń ṣe. A kò lè dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń gbà lọ́wọ́ wa.

Lítà bẹntiróòlù kan, bí ó bá jóná, a máa tú nǹkan bí kìlógíráàmù 2.3 afẹ́fẹ́ kábọ́nì sínú òfuurufú. Afẹ́fẹ́ yìí dà bí aṣọ ìbora tí ń ká ooru mọ́ ayé. Bí ooru bá sì ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni òfuurufú ń gba omi púpọ̀ sí i, tí òjò á sì máa rọ̀ bí ẹni pé a fi agbada dà á. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011, òjò ọjọ́ kan ṣoṣo ní Èkó ju mìlímítà 200 lọ. Ní ọdún 2022, omíyalé pa èèyàn tí ó lé ní 600 ní Nàìjíríà. Lóòótọ́, àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ni ó tú èyí tí ó pọ̀ jù nínú kábọ́nì náà sílẹ̀, síbẹ̀ àwa ni omi ń wọlé tọ̀. Èéfín ẹ̀rọ náà tún ní májèlé tí kò ní òórùn, èyí tí ó ti pa odindi ìdílé lójú oorun.

Ti owó wá ńkọ́? Kí ìjọba àpapọ̀ tó kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà kan kò tó 200 náírà ní ilé epo ìjọba ní Èkó. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 náírà. Ẹni tí ó bá ń lo lítà 3 lójúmọ́ fún 300 ọjọ́ yóò sun lítà 900. Ní iye owó ọdún náà, ó súnmọ́ 900,000 náírà.

Kí ni kò wá jẹ́ kí gbogbo èèyàn yí sí iná oòrùn? Ìdí rẹ̀ ni pé díẹ̀díẹ̀ ni a ń ra epo, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan náà ni a ń san owó páànẹ́ẹ̀lì, bátìrì àti ínfátà. Ẹni tí ń jẹ lójoojúmọ́ kò ní in lọ́wọ́.

Ibí yìí ni àjọ ti wúlò. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹgbẹ́ onílé, ìjọ àti mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ń dá owó jọ tẹ́lẹ̀. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá ń dá owó lóṣooṣù, wọ́n lè ra ohun èlò fún ẹnìkọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kárí, wọ́n sì lè fi ẹnu kan béèrè ìwé ìdánilójú lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gílóòbù, fáànù àti ẹ̀rọ ìgẹrun, nítorí ohun èlò kékeré kò lè gbé áyọ́ọ̀nù tàbí ẹ̀rọ wẹ́dà. Páànẹ́ẹ̀lì tí ó dára lè lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bátìrì ni yóò kọ́kọ́ gbó, nítorí náà kí àjọ má ṣe dáwọ́ dúró.

Ojúṣe ìjọba kò yẹ̀ lórí iná ọba. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé, àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.