Yíyan Máùsì àti Kíbọ́ọ̀dù Aláìlókùn Tí Ó Tẹ́ Ọwọ́ Lọ́rùn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí ó bá ṣe ti eku orí tábìlì ni, èyí tí a ń pè ní máùsì, ó yẹ kí a yí òwe náà padà díẹ̀: ìwọ̀n ọwọ́ ni ìwọ̀n eku. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń béèrè bí wọ́n bá dé ọjà kọ̀ǹpútà ni iye owó àti àwọ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń gbé ọwọ́ lé e kí wọ́n tó sanwó. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ yìí kan náà ni yóò máa bá a gbé fún wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún lójúmọ́, pàápàá ọwọ́ akọ̀wé, ti ẹni tí ń bá àwọn ènìyàn tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù, àti ti akẹ́kọ̀ọ́ tí ń fi kọ̀ǹpútà múra ìdánwò.

Kí a tó lọ jìnnà, kí ni à ń pè ní aláìlókùn? Douglas Engelbart, ará Amẹ́ríkà, ni ó ro máùsì. Òun àti Bill English ni wọ́n ṣe àkọ́kọ́ ní 1964 ní ilé ìwádìí Stanford ní Kalifọ́níà. Igi ni wọ́n fi ṣe é, ó ní àgbá kékeré méjì lábẹ́, wáyà tí ó sì jáde lára rẹ̀ mú kí ó jọ eku tòun tìrù. Èyí tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti gé ìrù. Bí rédíò ti ń gba ọ̀rọ̀ láti inú afẹ́fẹ́ ni kọ̀ǹpútà ṣe ń gba ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Oríṣi méjì ni ó wà. Èkíní ní ẹ̀rọ kékeré kan tí kò ju èékánná àtàńpàkò lọ, tí a ó kì bọ ojúhò USB lára kọ̀ǹpútà. Èkejì ń lo Bluetooth, tí ó ti wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká láti ilé iṣẹ́ wá. Bí kọ̀ǹpútà rẹ kò bá ní Bluetooth, má ṣe ná owó sórí oríṣi kejì. Bí o bá sì ra ti àkọ́kọ́, ṣọ́ ẹ̀rọ kékeré náà bí ẹni ń ṣọ́ abẹ́rẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ máùsì olówó pọ́ọ́kú kì í gba òmíràn dípò rẹ̀ bí ó bá sọnù.

Wàyí o, ọwọ́ ni kókó ọ̀rọ̀. Na apá rẹ síwájú, kí ọrùn ọwọ́ rẹ tọ́ gbọọrọ. Ara kò ní ni ọ́. Wá ká ọwọ́ náà sókè bí ẹni tí ń dá ọkọ̀ dúró, kí o máa jó ìka rẹ. Kò ní pẹ́ tí apá yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ́. Ihò tóóró kan wà ní ọrùn ọwọ́ tí àwọn iṣan tí ń fa ìka ń gbà kọjá, àwọn pẹ̀lú iṣan ìmọ̀lára tí ó lọ sí àtàńpàkò, ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín. Bí ọrùn ọwọ́ bá wà ní kíká fún ìgbà pípẹ́, ihò náà a máa há mọ́ wọn. Ẹni tí ìka mẹ́ta wọ̀nyí bá ń kú, tàbí tí ó ń ṣe é bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú wọn lóru, kí ó lọ rí dókítà. Kí ó má kàn máa fi róòbù ra ọwọ́.

Nítorí èyí, kíbọ́ọ̀dù pẹlẹbẹ ni kí o wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ẹsẹ̀ kékeré méjì lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn máa ń yára nà sílẹ̀, wọ́n rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ. Ẹsẹ̀ yìí gan-an ni ó ń ká ọwọ́ sókè. Jẹ́ kí ó wà ní kíká. Tún wo apá ọ̀tún rẹ̀, níbi tí wọ́n to nọ́ńbà sí. Ẹni tí ń ṣírò owó kò lè ṣe aláìní in, ṣùgbọ́n ẹni tí ń kọ àròkọ kò fi ṣe nǹkan kan ju pé ó ń ti máùsì jìnnà sí i, tí èjìká yóò sì máa nà tẹ̀lé e. Kíbọ́ọ̀dù kúkúrú tí kò ní apá yìí ni yóò sàn fún un.

Ní ti máùsì, èyí tí kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 9 tàbí 10 lọ rọrùn láti jù sínú àpò, àmọ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tóbi yóò máa fi ìka há a bí àwòdì tí ó gbé òròmọdìẹ. Èyí tí àtẹ́lẹwọ́ lè sinmi lé ni ojúlówó. Ọlọ́wọ́ òsì ní láti ṣọ́ra: àwọn kan wà tí a gbẹ́ ihà wọn fún ọwọ́ ọ̀tún nìkan. Irú kan tún wà tí ó dúró lóòró, tí a ń dì mú bí ìgbà tí a bá ń bọ ènìyàn lọ́wọ́. Kì í jẹ́ kí apá yí lódì, ṣùgbọ́n o lè lo ọjọ́ mélòó kan kí ó tó mọ́ ọ lára.

Àìní wáyà fúnra rẹ̀ kọ́ ni ìrọ̀rùn o. Àǹfààní rẹ̀ ni pé o lè gbé méjèèjì sí ibi tí apá rẹ ń fẹ́, kí ìgbọ̀nwọ́ súnmọ́ ìhà, kí èjìká sì wálẹ̀. Ẹni tí ó ra aláìlókùn tí ó tún gbé e sí ìpẹ̀kun tábìlì gíga kò tíì jèrè owó rẹ̀.

Máùsì ń jẹ bátìrì ju kíbọ́ọ̀dù lọ, nítorí iná kékeré tí ó fi ń ríran lábẹ́. Ra èyí tí ń lo bátìrì tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù àdúgbò rẹ, tàbí èyí tí a lè gba iná sí lára, kí o sì ní bátìrì kan ní ìpamọ́.

Bí òǹtajà bá ní kí o san àfikún owó nítorí lẹ́tà Yorùbá, má dá a lóhùn. Ètò tí a fi sínú kọ̀ǹpútà ni ó ń mú ẹ, ọ àti ṣ jáde, Windows pàápàá sì ní ti Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ìdánwò JAMB dá ọ níjì. Ohun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ ni ìwọ yóò lò níbẹ̀, wọ́n sì gbà kí o fi bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ṣe é láìfọwọ́ kan máùsì: A, B, C àti D fún ìdáhùn, N fún ìbéèrè tí ó kàn, P fún èyí tí ó ṣáájú, S fún ìparí, R bí o bá yí ọkàn padà.

Bí o bá dé ọjà, ìbáà ṣe Ìkẹjà tàbí ìlú tìrẹ, ní kí wọ́n fi bátìrì sí i. Jókòó bí wọ́n bá ní àga, di ojú, kí o tẹ orúkọ rẹ àti ìpínrọ̀ kan gbáko. Kí o tó kúrò níbẹ̀, ṣí ìdí máùsì náà, kí o wò ó bóyá ẹ̀rọ kékeré USB náà wà nínú rẹ̀.